Ọmọ Mi Ò Kú ní Sinimá

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì pa fóònù yẹn dé ná. Mo mọ̀ pé fíìmù lẹ̀ ń wò. Ohùn wọn ni mo gbọ́ láti inú yàrá, mo tiẹ̀ rò pé àlejò ló wọlé. Nígbà tiwa, bí ìdílé kan bá fẹ́ lọ wo fíìmù, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀. Ẹ̀yin lè wo odidi sinimá lórí ibùsùn, kí ẹni tó sùn tì yín má mọ̀ bóyá ẹkún lẹ sun tàbí ẹ̀rín lẹ rín. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú wò fún yín lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń já mi láyà, mi ò sì fẹ́ kó bá yín lójijì.

Nígbà tí mo dé Ẹgbẹ́dá yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe. Oko ló pọ̀ ju ilé lọ. Ẹni tó bá ní Ayọ̀bọ̀ lòun ń gbé, a máa ń bi í pé ṣé kò bẹ̀rù ejò ni. Kò sí ilé sinimá kankan lágbègbè wa. Àwọn tó ń gbé fíìmù kiri ló ń wá bá wa, wọ́n á gbé ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ní gbohùngbohùn lórí, wọ́n á máa yí ká láti Ìkòtún dé Àkówọnjó, wọ́n á máa pariwo pé, "Tọkọtaya, tọmọdé tàgbà, ẹ jáde wá o!" Bí àwọn ọmọ bá ti gbọ́ ohùn yẹn, ó tán. Ọmọ tí kò fọ abọ́ láti àárọ̀ á fọ abọ́, á fọ ìkòkò, á tún gbálẹ̀ ilé onílé mọ́ ọn.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é ní gbangba, aṣọ funfun ńlá ni wọ́n ń ta sáàárín òpó méjì. Jẹnẹrétọ̀ á máa húkọ́ bí ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe, ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán á máa dún kẹ̀ẹ̀rẹ̀kẹ̀ẹ̀rẹ̀. Iwájú aṣọ ni àwọn tó sanwó ń jókòó sí. Àwọn tí kò fẹ́ sanwó á rọra lọ jókòó sẹ́yìn aṣọ. Wọ́n á rí gbogbo ẹ̀ o, ṣùgbọ́n òdìkejì ni wọ́n á rí. Ọwọ́ òsì ni ọba fi ń jẹun, ọwọ́ òsì ni àna fi ń gba ìkíni. Tílẹ̀ bá wá mọ́, ìjà á dé láàárín àwọn ọmọdé. Ọ̀kan á ní, "Ọba yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́, ó ń fọwọ́ òsì jẹyán." Èkejì á ní, "Irọ́ ni, ọwọ́ ọ̀tún ni." Ibẹ̀ la ti ń mú ẹni tí kò sanwó. Ó wá di ọ̀rọ̀ ẹnu wa níhìn-ín, débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ń ròyìn nǹkan ní ìdàkudà, a máa ń sọ fún un pé, "Ẹ̀yìn aṣọ lo ti wò ó jàre."

Ọjọ́ ọdún ló máa ń dùn jù. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe tọjọ́ ọdún, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà nítòsí wa, wọ́n á fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé. Èmi ni mo kan àwọn bẹ́ǹṣì inú gbọ̀ngàn náà, mo sì mọ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, nítorí náà n kì í jẹ́ kí ìdílé mi jókòó síbẹ̀. Aṣọ tí a wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì la ń wọ lọ. Ìyá Ṣeun, ìyàwó mi, á ti dín àkàrà sínú abọ́ onídèérí. Bó bá jẹ́ ọdún Iléyá, àwọn Mùsùlùmí àdúgbò ló ń gbé ẹran wá, bó bá jẹ́ ti Àjíǹde, àwa là ń gbé ìrẹsì. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó, ìmáàmù àdúgbò wa ló tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín jù. Bí fíìmù bá já, gbogbo gbọ̀ngàn á hó yèè. Bí ọmọ bá ń ké, ẹnìkan á pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ fún un lọ́mú jàre, a ò gbọ́ nǹkan tí ọba ń wí!" Ẹni tó bá dìde níwájú ẹ̀rọ, òjìji orí rẹ̀ á hàn lójú aṣọ, èébú tó máa jẹ, kò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Ọ̀kan nínú ọjọ́ ọdún bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni. Ṣeun, tó jẹ́ bàbá àwọn kan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ já gaara ni nígbà náà. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá nígbà tí a kúrò nílé, òun ló tiẹ̀ ń sáré ṣíwájú wa. Fíìmù ò tíì dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá rẹ̀ gbé e sẹ́yìn, ó gbé e sílẹ̀, kò dákẹ́. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, àfi bíi pé mo fọwọ́ kan ìkòkò orí iná. Kí n tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, eyín rẹ̀ pàdé.

Ẹnìkan kígbe pé, "Gìrì ni! Gìrì ni!" Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan ní ká wá àlùbọ́sà, ẹnìkan ní àdín, ẹnìkan tiẹ̀ ti ń fa ṣíbí sókè pé òun fẹ́ fi la eyín rẹ̀. Obìnrin nọ́ọ̀sì kan wà tó ń gbé ní òpópónà kejì sí wa, òun náà wá wo fíìmù pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó gba àárín èrò kọjá, ó ń ti àwọn àgbà ọkùnrin dànù.

"Ẹ yàgò! Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu! Bàbá Ṣeun, ẹ gbé e bọ́ síta, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́!"

Abẹ́ igi máńgòrò la tẹ́ ẹ sí. Nọ́ọ̀sì bọ́ gbogbo aṣọ ọdún ara ọmọ náà, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó ń fi omi nù ún lára. Ara ọmọ náà dẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ké, ó ké títí, ó wá dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Oorun ló gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ní oorun yẹn ò tẹ́ òun lọ́rùn, àfi ká gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn tó ń gbé fíìmù kiri ló fi bọ́ọ̀sì wọn gbé wa, tòun ti gbohùngbohùn lórí. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa kan bá wa lọ, ó ń gbàdúrà ní gbogbo ọ̀nà. Wọ́n gún Ṣeun lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó jí, ó ní àkàrà òun dà.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín bó ṣe rí yẹn. Nọ́ọ̀sì náà ti lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run báyìí, àmọ́ kò sí ọdún Àjíǹde kan tí mo dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí n kò dárúkọ rẹ̀.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ó di àìpẹ́ yìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní àwọn fẹ́ ṣe fíìmù nípa ohun tí Ọlọ́run ti ṣe ní Alímòṣọ́. Ọmọbìnrin kan báyìí, Bùkọ́lá, ló ṣáájú wọn. Ọmọ gidi ni, ó lẹ́kọ̀ọ́, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láti kékeré rẹ̀. Ó ní dọkumẹ́ńtárì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, pé kì í ṣe eré rárá, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Inú mi dùn. Èmi tí mo ti ń wo àwọn èèyàn lójú aṣọ láti ìgbà èwe mi, ó wá kàn mí wàyí.

Pálọ̀ yìí ni wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ wọn wá. Wọ́n gbé àga mi kúrò ní àyè rẹ̀. Wọ́n pa fáànù, wọ́n ní ó ń dún. Wọ́n tan iná sí mi lójú, òógùn sì bò mí.

"Bàbá, ẹ má wo kámẹ́rà o."

"Ta wá ni kí n wò?"

"Èmi ni kẹ́ ẹ máa wò, sà."

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gìrì, nọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì, ọsibítù, gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ kan bá fọn fèrè lójú títì. Bùkọ́lá ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ìyá aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán. "Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ dákun, díẹ̀ ló kù, ẹ kàn sọ ibi tó ká yín lára jù." Ó ti rẹ̀ mí nígbà yẹn. Mo ní, "Ṣeun dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Alàgbà ń gbàdúrà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó jí." Mo wojú Bùkọ́lá, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. Mo ní, ọmọ yìí mà láàánú o. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ, wọ́n sì gbàgbé láti dá àga mi padà sáyè rẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí ìkíni àwọn èèyàn yí padà. Ọkùnrin kan na ọwọ́ sí mi lójú ọ̀nà, ó ní, "Bàbá, Ọlọ́run yín ò kéré o!" Mo ní àmín, àbí ta ni Ọlọ́run rẹ̀ kéré? Obìnrin kan kúnlẹ̀ ní Àkówọnjó, ó di etí agbádá mi mú, ó fi nu ojú ọmọ rẹ̀. Mo rò pé ó ṣì mí mú fún ẹlòmíràn ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti gé ẹ̀rí mi sí kékeré, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ó sì ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Fóònù tèmi, ìpè nìkan ló mọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fi odidi fíìmù hàn, ilé sinimá ìgbàlódé kan ni wọ́n gbà lọ́nà Ìgándò. Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀, ìdánwò lẹ̀ ń ṣe. Èmi, Ìyá Ṣeun àti Ṣeun la lọ. Àga ibẹ̀ rọ̀ débi pé ó fẹ́ gbé èèyàn mì. Otútù wọnú egungun mi. Gúgúrú ń bẹ nínú páálí, àmọ́ kò sí ẹni tó fi lọ ẹnì kejì. Kò sẹ́ni tó pariwo, kò sẹ́ni tó kí ẹni tó jókòó tì í. Ìyá Ṣeun fi ìborùn bo orí àti èjìká, ó ní, "Bàbá Ṣeun, ṣé òkú ni wọ́n ń tọ́jú síbí ni?" Mo ní kó dákẹ́ ẹnu rẹ̀, pé pásítọ̀ wa wà níwájú pẹ̀lú àwọn àlejò ńlá.

Wọ́n pa iná. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn jẹ́rìí, a pàtẹ́wọ́. Lójijì ni ojú mi yọ, ó tóbi tó ògiri ilé. Irun imú mi gan-an, mo rí i. Inú mi ń dùn, n kò fẹ́ purọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn mi sọ pé, "Ṣeun dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn, orin arò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti yára jù fún ojú mi. Ṣeun ló kà á, ó fara sún mọ́ mi.

"Bàbá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo kú."

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Wọ́n ní mo kú sí yín lọ́wọ́."

"Alàgbà ń gbàdúrà," ni ohùn mi tún wí. Ìmọ́lẹ̀ tàn yanranyanran lójú ògiri. "Ó jí." Gbogbo ilé sinimá dìde, wọ́n ń ké halelúyà. Wọ́n ti gé nọ́ọ̀sì kúrò. Wọ́n ti gé bọ́ọ̀sì kúrò, wọ́n gé ọsibítù àti abẹ́rẹ́ kúrò. Ojú tì mí fún obìnrin yẹn nínú sàréè rẹ̀. Èmi tí mo máa ń sanwó, tí mo máa ń jókòó síwájú aṣọ, ẹ̀yìn aṣọ ni mo ti ń wo ìgbésí ayé ara mi.

Ìyá Ṣeun di orúnkún mi mú. "Ta ló kú? Bàbá Ṣeun, ọmọ tèmi wo ló kú? Ẹ sọ̀rọ̀ o!"

Ṣeun ní, "Màmá, ẹ rọra. Bàbá, ẹ jẹ́ kó parí ná. Ẹ má dójú tì wọ́n níwájú àlejò. Tá a bá délé, a máa pe Bùkọ́lá."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Mo ti fẹ́ gbà. Mo ti fẹ́yìn ti àga padà. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ kan kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn.

Obìnrin kékeré kan ni, ó wọ híjáàbù, ó pọn ọmọ. Ó ti yí wá síwájú mi kí n tó mọ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín àga.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mo wá wá. Ìyá Àmídù ni wọ́n ń pè mí, Ìgándò níbí ni mò ń gbé. Orí fóònù ọ̀rẹ́ mi ni mo ti rí yín, wọ́n sì ní ibí lẹ máa wà lónìí. Ara ọmọ mi ń jó. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́sibítù, mo ní rárá, ọ̀dọ̀ yín ni mo máa gbé e lọ. Ẹ dákun, ẹ ṣe fún un bẹ́ ẹ ṣe ṣe fún tiyín."

Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Ooru ara rẹ̀ gba inú ṣòkòtò mi wọlé. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, àmọ́ kò wo nǹkan kan.

Mo ní, "Láti ìgbà wo ló ti wà báyìí?"

Ó ní, "Ó ti ń ké láti àná, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti darúgbó, mo ti sin òbí, mo ti sin ọ̀rẹ́, àmọ́ irú ẹ̀rù yẹn ò bà mí rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbé Àmídù mọ́ àyà, mo dìde, mo sọ̀kalẹ̀ lọ síwájú níbi tí wọ́n ti ń kọrin ìyìn. Orúnkún tó ń dùn mí láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ ibi tó gbà lọ.

"Ẹ tan iná! Ẹ tan iná síbí! Ọmọ mi ò kú!"

Orin dúró. Wọ́n tan iná. Pásítọ̀ wa yíjú sí mi, àwọn àlejò ń wo ara wọn.

"Ọmọ tí ẹ rí yẹn ò kú o! Gìrì ló mú un. Nọ́ọ̀sì ló tọ́jú rẹ̀, ọsibítù la gbé e lọ. Ọlọ́run ló ṣe é, mo gbà, ṣùgbọ́n òkú kọ́ ló jí. Oorun ló jí!"

Bùkọ́lá ti sáré dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó dákẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹkún ló dákẹ́!"

Ó gbọ́wọ́ lé ẹnu. "Yéè. Mo rò pé àwọn àgbà kì í sọ pé ọmọ àwọn kú. Mo rò pé dákẹ́ ni wọ́n máa ń sọ."

Kò purọ́. Òótọ́ ló wí, bẹ́ẹ̀ là ń sọ ọ́. Bí bàbá ẹnìkan bá kú, a ò ní la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, a ó ní bàbá ti dákẹ́. Ọ̀wọ̀ ló fi gbọ́ mi, ọ̀wọ̀ yẹn ló sì pa ọmọ mi lójú ògiri. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Àbọ̀ ni mo sọ fún Bùkọ́lá lóòótọ́, ó dénú rẹ̀, ó di odidi, àmọ́ odidi nǹkan mìíràn ni.

Mo yíjú sí Ìyá Àmídù. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù." Kò mira. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni tí mo tì sí kòtò.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ò kàn fẹ́ gbàdúrà fún un ni. Nítorí pé Mùsùlùmí ni wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. Èmi tí mo bá ìmáàmù jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí mo fọwọ́ ara mi kàn, tí a jọ ń jẹ ẹran Iléyá nínú abọ́ kan! Ní ayé ìjọ́sí, kò sí obìnrin kan ní Ẹgbẹ́dá tó máa ro irú èrò bẹ́ẹ̀, kó tó wá di pé ó sọ ọ́ síta. Mi ò bá a jà. Kò sí àyè ìjà.

Mo ní, "Ìyá Àmídù, mo máa gbàdúrà. Inú ọkọ̀ ni mo ti máa gbà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ tẹ̀ lé mi."

Mo ṣíwájú. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó di dandan kó tẹ̀ lé mi. Àtẹ̀gùn oníná tó ń fúnra rẹ̀ rìn wà níbẹ̀, èyí tí mo kọ̀ láti gùn nígbà tí à ń bọ̀, tí Ṣeun fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí pé mo tẹ̀ ẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Inú ọkọ̀ Ṣeun ni gìrì ti mú Àmídù. Ìyá rẹ̀ figbe ta, ó fẹ́ ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìyá Ṣeun gbá a lọ́wọ́ mú. "Má ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi! Fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀." Èmi ń ké pe Jésù, Ìyá Àmídù ń ké pe Ọlọ́hun, Ṣeun ń ké pe àwọn ọlọ́kadà tó dí wa lọ́nà. Mo gbàdúrà débi tí ohùn mi fi há. Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ mọ́, orúkọ ọmọ náà nìkan ni mo ń pè.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Dókítà kékeré kan ló jáde sí wa lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin ni. Ó ní ibà ti fẹ́ wọ ọpọlọ. Ó ní, "Ká ní ẹ tún dúró díẹ̀ sí i ni," kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó padà wọlé. Ìyá Àmídù jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, èmi jókòó sí ìkángun kejì. Ìyá Ṣeun bọ́ ìborùn, ó fi bò ó léjìká. Àyà mi ń sọ fún mi pé bí ọmọ yìí bá lọ, ẹnu mi ló pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò pe ìyá rẹ̀ wá.

Àmídù yè. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá yẹn, ìyá rẹ̀ yọ́ bọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó ní, "Alìhamudulilahi, Bàbá, ẹ forí jì mí." Mo ní kò sí ohun tó ṣe mí. Irọ́ ni mo pa fún un, ó ṣe mí, àmọ́ ìyẹn ò ṣe nǹkan kan mọ́.

Bùkọ́lá wá síbí lọ́jọ́ kejì. Ó sunkún, mo fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó ti tún fíìmù náà ṣe, ó ti dá nọ́ọ̀sì padà síbẹ̀, ó ti kọ ibà àti ọsibítù ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Pásítọ̀ wa náà sọ ọ́ láti orí pẹpẹ. Ó dára. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lórí fóònù àwọn èèyàn, ó ní kò ṣeé kó mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Láyé àtijọ́, bí fíìmù bá tán, wọ́n á tú aṣọ funfun, wọ́n á ká a, wọ́n á gbé e lọ, ilẹ̀ gbalasa ló máa kù. Ti ìsinsìnyí kì í tán. Ibi tó bá wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń tún un sọ, ohùn mi ni, ojú mi ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan dé láti Ayọ̀bọ̀ lórí ọ̀kadà, ó fi aṣọ wé ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti dá a padà sí ọsibítù. Ó wò mí bí ahun tó fi oúnjẹ pa mọ́. Mi ò mọ bóyá ọ̀hún ló lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò lè lọ jìnnà sílé mọ́. Ìpàdé àwọn àgbà ní Ìkòtún, mi ò lọ. Bí mo bá sùn lọ́sàn-án, mo ń ta jí, mo ń tẹ́tí sí ilẹ̀kùn.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Èmi ò lè máa jókòó síbí títí ayé, ẹ̀yin lẹ máa wà nílé yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn yẹn, tó ń béèrè mi, tí ọmọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má bi í ní orúkọ, ẹ má fi àga lọ̀ ọ́, ẹ má sì wá jí mi.

Ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ sáré lọ pè.